Wákàtí Mẹ́ta Lókè, Wákàtí Mẹ́ta Nílẹ̀

Kò sí pápákọ̀ òfuurufú ní Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Benin. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù láti orí ilẹ̀ gíga yẹn, àfi kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà etíkun. Ó lè gba Pọ́bẹ̀, Sákẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́ lọ sí Kútọnù, ó sì lè gba Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí Nàìjíríà, kó forí lé Ìkẹjà. Bí a bá fi rúlà wọn ọ̀nà náà lórí máàpù, pápákọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí Kétu bákan náà: nǹkan bíi 115 kìlómítà sí Kútọnù, nǹkan bíi 115 sí Ìkẹjà. Bàálù àtijọ́ tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò yóò gé e kúrú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Lórí ilẹ̀, ní ọdún 1977, nígbà tí ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ pupa ṣì ni èrò Kétu ń gbà, ìdajì ọjọ́ ni, bí mọ́tò kò bá takú sójú ọ̀nà.

Mo fi ìṣirò yìí ṣáájú nítorí pé ọjọ́ tí mo fẹ́ to wákàtí rẹ̀ jọ yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn àti àkókò ni látòkè délẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977, bàálù kan gbéra láti Franceville, ní gúúsù ìlà-oòrùn Gabon, ó sì balẹ̀ sí Kútọnù láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kó sínú rẹ̀ wá gba ìjọba lọ́wọ́ Mathieu Kérékou, ààrẹ ilẹ̀ Benin. Wọ́n ti ka ìṣẹ́jú ojú òfuurufú pé pérépéré. Ìṣẹ́jú ti orí ilẹ̀ ni wọn kò kà dáadáa.

Wákàtí méjì ni gbogbo ẹni tó sọ̀tàn ọjọ́ náà fẹnu kò lé lórí: nǹkan bí aago méje àárọ̀ tí bàálù balẹ̀, àti nǹkan bí aago mẹ́wàá tó tún gbéra padà. Ní ti àwọn wákàtí tó kù lójú òfuurufú, ọ̀nà jíjìn, eré bàálù àti ìgbà tí oòrùn ń yọ ni mo fi ṣírò wọn.

Sátidé, ọ̀sán sí alẹ́

Gabon kọ́ ni ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Mòrókò ni, ní ibùdó ológun òfuurufú Benguerir, tí kò jìnnà sí Marrakech. Ibẹ̀ ni Bob Denard ti kó àwọn sójà tí wọ́n háyà jọ, tó sì ti kọ́ wọn ní ohun tí kálukú máa ṣe. Ọmọ Faransé ni Denard, ogun ẹlòmíràn ló sì ti ń jà gba owó láti ìgbà ogun Katanga ní Kóńgò. Nínú ìwé, Gilbert Bourgeaud ló ń pe ara rẹ̀ nígbà náà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Maurin ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n tó bí 90 sí 100. Òyìnbó ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Áfíríkà wà láàárín wọn, títí kan àwọn ọmọ ilẹ̀ Benin kan tó ti sá nílé nítorí Kérékou. Gratien Pognon, tó ti ṣe aṣojú Dàhọ̀mì nílẹ̀ òkèèrè rí, wà pẹ̀lú wọn.

Kérékou ti gbàjọba láti ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972. Ní 1974 ó kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ìjọba òun yóò máa tẹ̀ lé. Ní 1975 ó yí orúkọ Dàhọ̀mì padà sí Benin. Àwọn tó wà nínú bàálù kò fẹ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀, àwọn tó sì ń náwó fún wọn kò fẹ́ ẹ pẹ̀lú.

Láti Benguerir dé Franceville, nǹkan bíi 4,400 kìlómítà ni ní ìlà tààrà, aṣálẹ̀ Sàhárà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bàálù akẹ́rù ológun tó ń sá bíi 550 kìlómítà ní wákàtí kan yóò lo wákàtí mẹ́jọ gbáko lójú ọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 15, ni wọ́n fi rin ìyẹn.

Kí ló wá dé tó jẹ́ Franceville ni wọ́n lọ? Ẹni tó bá kàn wo máàpù yóò ní Libreville ló yẹ. Olú-ìlú Gabon yẹn wà létíkun, kò sì ju nǹkan bíi 1,020 kìlómítà lọ sí Kútọnù. Franceville fi nǹkan bíi 500 kìlómítà jìnnà jù ú lọ: ìlà tààrà láti ibẹ̀ sí Kútọnù jẹ́ bíi 1,515 kìlómítà. Bí ẹni gbéra l'Ékòó lọ sí Kánò ni, tó tún ṣẹ́rí padà, tó kù díẹ̀ kó délé. Ṣùgbọ́n Libreville kún fún ojú. Ilé àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀, àwọn oníròyìn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Benin sì pọ̀ níbẹ̀ bí èèrà: tíṣà, akọ̀wé, oníṣòwò, tẹ́lọ̀. Ẹnì kan nínú wọn ì bá rí Pognon, á sì mọ̀ ọ́n. Franceville ní tirẹ̀ wà lọ́hùn-ún, nítòsí ààlà Kóńgò, ní agbègbè tí wọ́n bí Ààrẹ Omar Bongo sí. Ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n ń là láti etíkun kò dé ibẹ̀ títí di ọdún 1986. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ Franceville lóru Sátidé, ta ni yóò rí i, tí yóò sì rí ẹni sọ ọ́ fún kí ilẹ̀ tó mọ́? Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi wákàtí kan kún ìrìn wọn. Àbò ni wọ́n fi wákàtí yẹn rà.

Ìròyìn ńlá kan sì wà níta lọ́jọ́ náà tó lè bo ti kékeré mọ́lẹ̀. Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n ṣí FESTAC '77, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Sùúrùlérè l'Ékòó, níwájú Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà. Gbogbo àgbáyé aláwọ̀ dúdú kọjú sí Èkó. Ìlú tí ogun ń bọ̀ wá bá lọ́la kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lùlù.

Òru

Ní Franceville, wọ́n pààrọ̀ bàálù. Èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Kútọnù jẹ́ DC-7, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò, tí ilé-iṣẹ́ Douglas ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1953. Nígbà tí yóò fi di 1977, àwọn bàálù jẹ́ẹ̀tì ti lé e kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń kó èrò. Ẹrù ló kù tí ó ń kó kiri. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èrò ló lè gbà. Iye wọn gan-an nìyẹn.

Jẹ́ẹ̀tì ì bá gbé wọn débẹ̀ láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùnlélógójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. DC-7 tó ń sá 550 kìlómítà ní wákàtí kan kò lè ṣe é ní ohun tó dín púpọ̀ sí wákàtí mẹ́ta. Èmi kò rò pé owó nìkan ló mú wọn yan èyí tó ń fà. Ẹ wo ti epo. Àlọ àti àbọ̀ láti Franceville sí Kútọnù jẹ́ nǹkan bíi 3,030 kìlómítà, DC-7 sì lè fò ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ láìtún epo rà. Bàálù tó bá ti Franceville kún epo dẹ́nu kò nílò ẹ̀kán epo kan ní Kútọnù. Ó lè balẹ̀, kó dúró de èrò rẹ̀, kó tún gbé wọn padà sílé. Ẹni tó ń lọ sógun tí kò dá a lójú pé òun á ṣẹ́gun, epo àbọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá.

Aago mẹ́rin ìdájí

Bí a bá ka wákàtí sẹ́yìn láti aago méje, nǹkan bí aago mẹ́rin ni bàálù náà ti ní láti gbéra. Aago Gabon àti ti Benin jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà kò sí ìyípadà kankan tó lè da ìṣirò awakọ̀ rú. Ohun tó yàtọ̀ ni oòrùn. Franceville wà lọ́nà jíjìn sí ìlà-oòrùn Kútọnù. Ní àárín oṣù kìíní, nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni oòrùn ń yọ ní Franceville. Ní Kútọnù, aago méje gbọ́dọ̀ kọjá díẹ̀ kí ó tó yọjú. Bàálù tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn lóru ń sá fún ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí àwọn wọ̀nyí fẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́: kí wọ́n fò nínú òkùnkùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì débẹ̀ ní kété tí ojú ti lè rí ilẹ̀ tí táyà máa fi balẹ̀, kí àwọn tó ń sùn tó jí.

Àti pé ọjọ́ Àìkú ni. Ní ìlú tí Faransé ti ṣe ìjọba lé lórí, ọ́fíìsì kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.

Aago márùn-ún

Ní aago márùn-ún, ó kù bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Bí a bá fa okùn láti Franceville sí Kútọnù, okùn náà kúrò lórí ilẹ̀ nítòsí ibi tí Gabon àti Guinea Ekuatória ti pààlà, kò sì tún kan ilẹ̀ mọ́ títí dé òpin. Ó gba àárín erékùṣù Bioko àti Príncipe kọjá. Ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rú ń gbà láyé àtijọ́ ni ojú omi yẹn. Lóru, ẹni tó bá wà lórí omi á gbọ́ ẹ́ńjìnnì mẹ́rin lókè, á sì rò pé akẹ́rù ni. Òótọ́ ni, akẹ́rù ni.

Aago mẹ́fà

Ó ku wákàtí kan. Lórí ìlà tààrà yẹn, bàálù ti dé ọ̀kánkán ẹnu odò Ọya, lórí òkun, níbi tí Nàìjíríà ti yọ ikùn sínú omi. Lẹ́yìn ìyẹn, etíkun Ìjọ̀, ti Ìlàjẹ àti ti Èkó ni yóò máa wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n yóò jìnnà sí wọn tó láti má ṣe bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. L'Ékòó, àwọn tó jó nílẹ̀ FESTAC lánàá ṣì wà lórí ẹní.

Ní Kétu náà, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Oṣù ọyẹ́ ni. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ gíga yẹn mọ̀ pé ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ti etíkun. Ètè á là, erùpẹ̀ pupa á gorí ewé, àwọn àgbà á yí iná ká kí oòrùn tó yọ. Ìlú tí ọjọ́ Àìkú jẹ́ ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni pẹ̀lú, nítorí Kétu ni wọ́n bí Thomas Moulero sí, àlùfáà Kátólíìkì àkọ́kọ́ ní Dàhọ̀mì, tí wọ́n fi joyè àlùfáà ní 1928, tó sì kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ sí aago méje, bí bàálù náà ṣe jìnnà sí Kútọnù ni Kétu ṣe jìnnà sí i: ọ̀kan lórí òkun ní gúúsù ìlà-oòrùn, èkejì lórí òkè ní àríwá. Àwọn ọmọ Kétu tó bá ní ọmọ ní Kútọnù, tó fẹ́ lọ kìlọ̀ fún un, ọ̀sán á pọ́n kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn àlejò kò ní gbẹ́sẹ̀ kan lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀.

Aago méje

DC-7 náà balẹ̀ ní Cadjehoun. Inú ìlú ni pápákọ̀ Kútọnù wà, kò sí nínú igbó, ilé ló yí i ká, òkun sì wà nítòsí. Kò sí ẹni tó ń retí bàálù kankan lákòókò náà. Kí táyà tó dúró tán ni àwọn sójà ti ń bẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń yìnbọn. Wọ́n gba ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí bàálù, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ sá, wọ́n sì pín ara wọn sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan dúró ti bàálù. Àwọn yòókù mú ọ̀nà ìlú pọ̀n, wọ́n forí lé ààfin ààrẹ.

Níbí yìí, ọmọ Kétu kò lè ṣàì rántí Àkàbà Ìdẹ̀nà. Ẹnu odi ìlú Kétu ni, ilé tí wọ́n kọ́ lé ẹnu ọ̀nà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, lábẹ́ ojú àwọn tó ń ṣọ́ ọ àti lábẹ́ agbára ohun tí wọ́n rì síbẹ̀. Àgbómẹ̀, olú-ìlú ìjọba Dàhọ̀mì àtijọ́, kò jìnnà sí Kétu ju nǹkan bí 70 kìlómítà lọ ní ìlà tààrà. Síbẹ̀, láti kó ogun wá, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ní láti fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n la odò Ouémé kọjá, kí wọ́n tó dé ẹ̀yìn yàrà tó yí odi náà ká. Nígbà tí wọ́n dó ti ìlú náà kẹ́yìn, ebi ló bá wọn ṣẹ́gun, kì í ṣe ìbọn nìkan. Ní 1886 ni Kétu fọ́, ó sì di ìgbà tí Faransé wọ ilẹ̀ náà kí àwọn tó kù nínú wọn tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Ìlú tó ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àkókò wà láàárín òun àti ọ̀tá rẹ̀. Kútọnù kò ní. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sókè, wákàtí mẹ́ta péré ló sì wà láàárín òun àti ìlú kan tí ọ̀pọ̀ ará Kútọnù kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Aago mẹ́jọ

Láti Cadjehoun dé ààfin, ìwọ̀nba kìlómítà tí ọ̀dọ́ lè fẹsẹ̀ rìn kí oòrùn tó mú ni. Ẹni tó ti fò kọjá Sàhárà àti òkun láàárín ọjọ́ kan kò ní ka irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni ìrìn náà há sí.

Wọ́n dé iwájú ààfin, wọ́n sì dojú ìbọn ńlá kọ ọ́. Ògiri fọ́, wíńdò fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n wá kò sí nínú rẹ̀. Ibòmíràn láàárín ìlú ni Kérékou sùn. Gbogbo ètò wọn ló dúró lórí pé kí wọ́n mú ọkùnrin kan láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Bí wákàtí àkọ́kọ́ bá ti lọ láìmú un, wọn kò ní èyí tí wọ́n máa ṣe tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ṣọ́ ààfin sì yìnbọn padà. Àwọn ọmọ Kòríà Àríwá tó jẹ́ àlejò ìjọba ní ìlú lákòókò náà bá wọn dá sí ìjà náà.

Láàárín wákàtí yìí tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ ni ohùn Kérékou jáde lórí rédíò. Ó ní wọ́n ti kọlu orílẹ̀-èdè, ó sì ní kí àwọn ará ìlú dìde gbèjà ilẹ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ rédíò náà, tí orúkọ Faransé rẹ̀ nígbà náà túmọ̀ sí Ohùn Ìyípadà, ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbọ́.

Mo rò pé ibí ni ìjà náà ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn ṣì dún pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò. Ohùn tó ti Kútọnù jáde lórí rédíò dé Kétu ní ohun tó kéré sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó dé Parakou, ó dé Natitingou, ìbílẹ̀ Kérékou fúnra rẹ̀, láìtíì tó ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú. Denard gba ẹnu ọ̀nà tí bàálù ń gbà wọlé, ó gbàgbé èyí tí ohùn ń gbà jáde. Ó yà mí lẹ́nu títí di òní, nítorí gbogbo ọ̀gágun tó ti gbàjọba nílẹ̀ Dàhọ̀mì láti 1963 ló mọ̀ pé rédíò ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ gbà; Kérékou alára ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1972.

Aago mẹ́sàn-án

Ní Kétu, ẹni tó bá ní rédíò alágbèérìn kékeré, tó fi bátìrì sí i láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìròyìn ogun ló bá pàdé. Ẹ rántí bí ilẹ̀ gíga yẹn ṣe rí: ààlà Nàìjíríà kò ju ìrìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà Kétu, ìdílé kan náà ló sì wà ní Ìlárá ti ìhín àti Ìlárá ti ọ̀hún. Nígbà tí Kútọnù bá gbóná, àwọn ará Kétu mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ìjọba tó yí padà ní 1963, 1965, 1967, 1969 àti 1972 ti kọ́ wọn.

Ní Kútọnù, àwọn àlejò ti ń rí i pé ìlú kò dìde bá wọn. Àwọn ọmọ Benin tó wà láàárín wọn ti ní ìrètí pé bí ìbọn bá ti dún, àwọn sójà ní bárékè á yí padà, àwọn ènìyàn á jáde síta láti kí wọn káàbọ̀. Kò sí ẹni tó jáde. Wọ́n ti fò kọjá ilẹ̀ mélòó kan wá, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹnì kan ṣoṣo nínú ìlú tó máa ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìgbà mìíràn tí Denard jáde ṣe àfikún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò wọ bàálù mọ́. Ó ti èbúté Lorient ní Faransé wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú nǹkan bí àádọ́ta ọkùnrin, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí omi, kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí erékùṣù Comoros ní oṣù karùn-ún ọdún 1978. Ìjọba ibẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ tó ń fà yẹn ló ṣàṣeyọrí, bàálù tó yá kò ṣe é. Ó ti gbé Comoros rí, ó ti bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba ní 1975, ó sì mọ ẹni tó ń sùn níbo. Ní Kútọnù, máàpù ló mọ̀.

Aago mẹ́wàá

Wọ́n padà sí Cadjehoun, sí ọ̀dọ̀ bàálù tó ṣì ní epo nínú. Wọ́n ń yìnbọn bí wọ́n ṣe ń sá, wọ́n sì ń kánjú débi pé wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀, ọmọ Guinea kan. Wọ́n fi ohun ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó burú jù fún wọn ni pé wọ́n gbàgbé àpótí kan tó kún fún ìwé: orúkọ àwọn tí wọ́n háyà, owó tí wọ́n san fún wọn, ètò ìkọlù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, DC-7 gbéra, ó kọjú sí òkun.

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n lò lókè kí wọ́n tó dé, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n lò nílẹ̀. Ìlú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́.

Ọ̀sán

Bí wọ́n bá gba ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, nǹkan bí aago kan ọ̀sán ni wọn ì bá tún dé Franceville. Bí ó bá sì jẹ́ Libreville ni wọ́n yà sí, aago méjìlá kò ní kọjá púpọ̀. Gabon ni wọ́n padà sí ṣá. Lákòókò kan náà, ẹni tó bá kúrò ní Kétu nígbà tó gbọ́ ohùn Kérékou lórí rédíò, tó fẹ́ lọ wo àbúrò rẹ̀ ní Kútọnù, ì bá ṣì wà lójú ọ̀nà láàárín Pọ́bẹ̀ àti Sákẹ́tẹ́.

Àpótí ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ wá kù sí. Kérékou gbé e lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì, Ìgbìmọ̀ Aláàbò àjọ náà ṣe ìpinnu 404, wọ́n sì yan Panama, India àti Libya láti lọ wádìí lójú ibẹ̀. Àwọn aṣojú náà dé Kútọnù, wọ́n wo ihò ìbọn lára ògiri, wọ́n ka ìwé inú àpótí, wọ́n sì gbọ́ ẹnu ọmọ Guinea tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n fi to ìrìn náà padà, láti Benguerir dé Franceville dé Kútọnù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, pẹ̀lú ìpinnu 405, ìgbìmọ̀ náà bu ẹnu àtẹ́ lu ìkọlù náà. Mòrókò àti Gabon sọ pé àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kérékou tí wọ́n wá lé lọ tún lo ọdún mẹ́tàlá sí i lórí oyè ológun, ó sọ ọjọ́ 16 oṣù kìíní di ọjọ́ ìsinmi fún ìrántí àwọn tó kú, wọ́n sì kọ́ Gbàgede Àwọn Ajẹ́rìíkú sí Kútọnù. Ní ti Denard, ọdún 1993 ni ilé-ẹjọ́ kan ní Paris tó rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún nítorí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì so ẹ̀wọ̀n ọ̀hún rọ̀.

Àwọn tó san gbèsè ọjọ́ náà jù kò sí ní Kútọnù rárá lọ́jọ́ náà. Ní oṣù keje ọdún 1978, níbi ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ní Khartoum, Kérékou tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ó sì fi ìwọ̀sí kan Bongo. Inú bí Bongo. Ó lé àwọn ọmọ Benin kúrò ní Gabon, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Tíṣà tó ti ń kọ́ ọmọ Gabon fún ọdún púpọ̀, tẹ́lọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù sí Libreville, obìnrin tó ń ta aṣọ lọ́jà, wọ́n kó gbogbo wọn jọ, wọ́n dá wọn padà sílé. Púpọ̀ nínú wọn kò gbé ju báàgì kan lọ. Ṣọ́ọ̀bù, gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló kù sí Gabon.